Itan Màmá tó gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ mi

₦25,000 ni oníbàárà kan kọ̀ tí kò san fún mi, owó yẹn ló sì gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ó san án ni, ǹ bá ṣì wà nílé, kí n máa wo fóònù yàwòrán, kí n sì máa pe ara mi ní ọ̀gá.

Ẹgbẹ́ mi ni obìnrin náà. Ó fẹ́ kí n fi èédú ya ìyá rẹ̀ kí ó lè gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí Màmá tó pé ọgọ́rin ọdún. Ojú nìkan kọ́ o. Láti gèlè dé sálúbàtà, lórí àga tí Màmá máa ń jókòó sí. A dúnàádúrà, a fẹnu kò sí ₦40,000, ó san ₦15,000 sílẹ̀. Mo lọ sílé wọn ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn, mo fi fóònù ya Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, mo bá wọ takisí Micra padà sí Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jókòó ti fọ́tò yẹn. Kò sí ìhunjọ ojú tí mi ò yà. Ibi tí etí ìró ti já, mo yà á.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé, obìnrin yìí wò ó títí, ó ní, "Ìyá mi kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ."

Inú bí mi. Mo ti lanu láti fèsì kí n tó tún wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Orúnkún Màmá tóbi ju orí wọn lọ. Ẹsẹ̀ wọn dà bíi ti ẹni tó wọ bàtà ṣọ́jà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló há. Nígbà tí mo gbé fóònù sókè, bóyá ni ìṣísẹ̀ kan ààbọ̀ fi wà láàárín èmi àti orúnkún Màmá. Ohun tó bá sún mọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa wú, èyí tó bá wà lẹ́yìn á súnkì. Orúnkún ló wà níwájú, orí ló wà lẹ́yìn. Èmi náà sì da gbogbo àṣìṣe fóònù kọ láìfi ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ìgbéraga. Obìnrin náà ní òun ò gba owó òun padà, òun ò sì ní fi kọ́bọ̀ kún un, àfi kí n wá jókòó síwájú ìyá òun, kí n ya ohun tí ojú mi bá rí. ₦15,000 àkọ́kọ́ ti di pépà àti owó mọ́tò. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Mi ò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe ń lẹ pépà mọ́ pátákó tàbí bí wọ́n ṣe ń fi ìka pa èédú pọ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan èédú rí mọ ìyẹn. Ti èédú fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ díẹ̀, torí ó dùn mí. Páálí èédú ìyàwòrán tó wá láti òkè òkun ni mo rà, ẹlẹgẹ́ tí kì í ha pépà. Nínú Micra tí mo wọ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, bàbá kan jókòó lé àpò mi. Gbogbo rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Èédú tí wọ́n fi ń yan àgbàdo kò sì ṣeé fi rọ́pò rẹ̀. Ó le, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, yóò fa pépà ya.

Mo bá ṣe tèmi. Mo gé ẹ̀ka dongoyárò wẹ́wẹ́ tó nípọn tó ìka ọmọdé, mo bó èèpo ara rẹ̀, mo sá a sóòrùn títí tó fi gbẹ. Mo kì í mọ́ra pinpin sínú agolo mílíìkì ńlá, mo dé e, mo fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sórí ìdérí. Mo ti agolo bọ inú iná. Èéfín á máa tú jáde láti inú ihò yẹn. Ìgbà tí èéfín bá dá ni ó jinná. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ara mi ò gbà á, mo ṣí ìdérí nígbà tó ṣì gbóná. Atẹ́gùn wọlé, gbogbo rẹ̀ ràn, ó di eérú lójú mi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣí i, èédú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n dúró ṣinṣin, dúdú bíi koro iṣin, tí wọ́n bá kanra wọn wọ́n á máa ró bí àwo. Mo gbé wọn fún gbogbo ará ilé wò. Kò sẹ́ni tó yìn mí.

Lọ́jọ́ kìíní, mi ò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn mọ́. Màmá jókòó ní ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, èmi gbé àpótí mi sí àgbàlá, ó tó ìṣísẹ̀ márùn-ún sí wọn, lábẹ́ òjìji ògiri. Orí, èjìká, ọwọ́ tó sinmi lórí itan, ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà mí. Ọwọ́ mi yá. Àwọn ọmọ agboolé dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń pariwo pé "Màmá rèé!" Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Àfi ìgbà tí mo dé itan ọ̀tún.

Itan yẹn kọjú sí mi gbọnran. Orúnkún ń wò mí, gbogbo gígùn itan sì sá pamọ́ sẹ́yìn orúnkún. Ojú mi rí i pé kékeré ni ibi tó hàn, ọpọlọ mi ní irọ́ ni, itan èèyàn gùn. Ọpọlọ ni ọwọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Mo yà á gùn, Màmá wá dà bí ẹni tó ń yọ̀ bọ́ lórí àga. Ẹ̀kọ́ tí Aina Onabolu, ayàwòrán àtijọ́ yẹn, kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé l'Ékòó gan-an nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, ọdún 1882 ni wọ́n bí i. Ní 1906, kí ó tó rìnrìn àjò lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti ya obìnrin kan, Mrs. Spencer Savage, tí ẹni tó bá rí i á fẹ́ẹ̀ kí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é ní Mr. Perspective, torí perspective, bí a ṣe ń ya ohun tó sún mọ́ni àti èyí tó jìn gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe rí i, ló ń kọ́ wọn. Tíṣà wa máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, èmi a máa sùn.

Mo bá ní kí n wọ̀n ọ́n. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fà yọ. Apá á nà tán, ìgbọ̀nwọ́ ò gbọdọ̀ ká, ojú kan á dì, wàá wá fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí orí Màmá gùn dé lára ìgbálẹ̀, láti àgbọ̀n dé àtàrí. Ìwọ̀n yẹn lo máa fi wọn ibi tó kù. Láti ibi tí itan ti yọ lábẹ́ ọwọ́ wọn dé orúnkún, kò tó ìdajì orí. Lórí pépà mi, ó lé ní orí kan! Mo fi inú búrẹ́dì pa á rẹ́. Búrẹ́dì ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ń lò kí rọ́bà tó dáyé, ó sì ṣiṣẹ́, àmọ́ búrẹ́dì tiwa ní ṣúgà, èérà bá mi dé Mọ́kọ́lá. Mo tún itan yà, ó bọ́ sí i. Mo lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tún wọ̀n ọ́n. Ó ti di orí kan géérégé.

Mo ní Màmá ti yí ìjókòó padà. Mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Wọ́n dìde lọ tọ̀, wọ́n padà dé, mo wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n mìíràn tún ni. Mo pa á rẹ́. Pépà náà ti ń hó. Mo ra ṣọ́ọ̀kì ₦50, mo fi fa ilà yí ẹsẹ̀ àga ká, mo fi yí ẹsẹ̀ Màmá méjèèjì ká. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ètùtù lo fẹ́ fi mí ṣe ni?" Mo tọrọ àforíjì, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ogún ogún ìṣẹ́jú mo ń jẹ́ kí wọ́n sinmi, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á padà sínú ilà ṣọ́ọ̀kì wọn láì yẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, itan yẹn kò dúró sójú kan. Nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ó kúrú, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá ààbọ̀ ó ti gùn, tí mo bá sì lọ wo orí àti èjìká, wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá oògùn wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni sùúrù mi tán. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má mira mọ́, ẹ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ohùn mi le ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀.

Màmá ò bínú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti àárọ̀ tí mo ti ń wo ọ̀kánkán, ohun tí mò ń wò ni ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn. Nígbà tí o jókòó, orí rẹ ló bò ó. Wò ó báyìí, mò ń rí omi tó ń kán níbẹ̀. Ta ló ń mira nínú àwa méjèèjì?"

Mo yíjú padà. Ẹ̀rọ omi nìyẹn lóòótọ́, ó ń kán tó tó tó. Àpótí mi ti kúrò níbi tí mo gbé e sí láàárọ̀, ó tó gígùn apá kan. Oòrùn ni. Bí oòrùn bá ti ń gba òjìji ògiri lọ́wọ́ mi, mo ń sún díẹ̀, mo ń sún díẹ̀, èmi fúnra mi ò mọ̀. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ kejì, ọmọ kan ti gbé àpótí yẹn lọ fi fọṣọ, kéréètì mínírà ni mo fi jókòó, kéréètì sì ga jù ú lọ. Ẹni tó bá jókòó ga, òkè itan ló ń rí, itan á gùn sí i. Èyí tó bá jókòó sílẹ̀ á rí orúnkún nìkan. Orí àti èjìká kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ tẹni fúnni tí ojú bá ṣí kúrò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara tó bá kọjú síni gbọnran kì í bo àṣírí. Ọjọ́ méjì ni mo fi fa ilà yí àgbàlagbà ká, kò sí ilà kan ṣoṣo lábẹ́ àpótí tèmi. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ Màmá. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ pa ẹ̀rọ omi yẹn.

Tí ẹ bá máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sàmì sí. Ẹsẹ̀ àpótí, ibi tí ẹsẹ̀ yín wà, kí ẹ sì wá nǹkan kan lẹ́yìn ẹni tí ẹ̀ ń yà, ìṣó ògiri tàbí igun fèrèsé, tí yóò ṣe déédéé etí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jókòó. Tí kò bá ṣe déédéé mọ́, ẹ̀yin lẹ ṣí. Èmi lo kókó gèlè Màmá àti ìkọ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kẹrin mo dé kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ tó lù, mo sì pinnu pé bí oòrùn bá ti kan gọ́tà, mo ti ṣíwọ́. Itan yẹn gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mi ò tilẹ̀ ya itan. Àlàfo tó wà láàárín etí ìró àti ẹsẹ̀ àga ni mo yà, itan sì yọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo wá wọn gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, mo rí i pé mo ti ya orí tóbi díẹ̀. Ère ọba tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó, ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1957, orí rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tó jọ èèyàn bí ẹni máa sọ̀rọ̀ kò ṣàìmọ̀ pé orí èèyàn tó dúró kò ju bí ìdá kan nínú méje ààbọ̀ gbogbo ara lọ. Àwọn mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni, torí ipò orí. Tèmi, àṣìṣe ni. Mo fi gèlè bò ó.

Hairspray ni mo ń fọ́n sórí èédú tẹ́lẹ̀ kó má baà ṣí, ó sì ti sọ pépà méjì di aláwọ̀ ìyeyè mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo ra fixative gidi, mo fọ́n ọn fẹ́rẹ́ fẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ọ̀nà tó jìn tó rúlà kan. Ó wọ́n. Ẹ rà á.

Màmá gba pátákó lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e súnmọ́ ọn. Wọ́n yìn mí fún ojú, wọ́n yìn mí fún ọwọ́. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ibo lo gbé ìyókù itan mi sí?"

Mi ò jiyàn. Mo ní kí ọmọ wọn jókòó sórí àga nínú ilà ṣọ́ọ̀kì, mo mú Màmá jókòó sórí àpótí mi, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n na apá, wọ́n dijú kan. Wọ́n wọn orí ọmọ wọn, wọ́n wọn itan rẹ̀. Wọ́n tún un wọ̀n.

"Hẹ́n ẹn," wọ́n ní, "ó kúrú lóòótọ́."

Kí n tó dé Mọ́kọ́lá, owó ti wọ fóònù mi. ₦25,000 géérégé. Kò fi ti Micra kún un.