Bí mo ṣe yan wíǹṣì fún Hilux tí mo fi ń kó kòkó

Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni ríra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abà tó yí Ìdànrè ká. Ìgbà tí kòkó ń bọ̀ lọ́pọ̀ yanturu náà ni òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀, ọ̀nà abà á wá di ẹrẹ̀ gan-an lásìkò tó yẹ kí ọkọ̀ máa lọ máa bọ̀ jù. Hilux tòkunbọ̀ tó ní fóò-báì-fóò ni mo ń lò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa tó bá ti mu omi yó máa ń yọ̀ bí ilá. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kàn máa yí lójú kan, ikùn ọkọ̀ á sì jókòó sílẹ̀. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àfi wíǹṣì: ẹ̀rọ tí a dè mọ́ iwájú ọkọ̀, tó ń ká okùn sára dúrọ́ọ̀mù kékeré kan títí ọkọ̀ á fi fa ara rẹ̀ jáde. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ń bi mí bí mo ṣe yan tèmi, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí n tó bèèrè owó wíǹṣì kankan, ìwọ̀n ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Pẹ̀lú ẹrù tó tọ́ sí i, Hilux mi jẹ́ nǹkan bíi 2,800 kìlò. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe wíǹṣì fi lélẹ̀ ni pé kí agbára rẹ̀ tó ìwọ̀n yẹn lọ́nà kan àti ààbọ̀, ìyẹn 4,200 kìlò. Pọ́ùn ni wọ́n fi ń kọ agbára sára rẹ̀, 4,200 kìlò sì lé díẹ̀ ní 9,200 pọ́ùn. Nítorí náà, èyí tí wọ́n kọ 9,500 sí ló kéré jù tí mo lè rà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní kí n kúkú ra 12,000 kí ọkàn mi balẹ̀. Mo rò ó dáadáa. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀: bí ẹrẹ̀ bá dé ìdajì táyà, agbára tí a ó fi fà á tó ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bó bá kọjá ibẹ̀ dé fẹ́ńdà, ó di ìlọ́po méjì, bó bá bo fẹ́ńdà mọ́lẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta. Hilux mi tó bá rì dé fẹ́ńdà ń béèrè 5,600 kìlò. Wíǹṣì 12,000 pọ́ùn, tí í ṣe nǹkan bíi 5,440 kìlò, kò tó o. Púlì, ìyẹn àgbá kékeré tó ń yí, tí okùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, la ó ṣì lò. Bí a ó bá kúkú lo púlì, 9,500 á ṣe é, kò sì ní wúwo jù fún ìdí iwájú ọkọ̀.

Ohun mìíràn tó wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ ni pé iye tí wọ́n kọ sára wíǹṣì, ìgbà tí okùn bá kù ní ìpele kan ṣoṣo lára dúrọ́ọ̀mù ló ń jẹ́ òótọ́. Bí okùn ṣe ń ká lérí ara rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù ń sanra, agbára ń dín. Tó bá fi di ìpele kẹrin, 9,500 lè ti bọ́ sí abẹ́ 7,000. Ẹni tó so okùn mọ́ igi tó wà nítòsí, tí okùn púpọ̀ ṣì wà lára dúrọ́ọ̀mù, kò lo gbogbo agbára tó sanwó fún. Púlì ló ń tún èyí ṣe. Okùn á jáde, á gba inú púlì tó wà lára igi kọjá, á padà wá sára ọkọ̀. Agbára á fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì, ìyára á di ìdajì, okùn púpọ̀ á sì ti tú kúrò lára dúrọ́ọ̀mù.

Igi wá ni ọ̀rọ̀ kàn. Nínú oko kòkó, igi pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe é so ọkọ̀ mọ́ kò tó nǹkan. Mo lọ wọn ilẹ̀ láti àwọn ibi tí ọkọ̀ máa ń rì sí dé ìdí igi ńlá tó súnmọ́ jù. Bàbá kan tí mo máa ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn rí mi pẹ̀lú téèpù, wọ́n ní:

“Ọmọ mi, ọ̀pẹ ni kí o fi okùn rẹ kọ́ o, tàbí obì tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Má fọwọ́ kan kòkó mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú rẹ̀ kó tó so.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Mi ò ní fọwọ́ kàn án.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Igi kòkó kò lè gba irú agbára yẹn dúró, oúnjẹ olóko sì ni. Okùn ara wíǹṣì kì í sábà ju mítà 30 lọ, bẹ́ẹ̀ ìdí ọ̀pẹ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Ni mo bá fi okùn àfikún mítà 30 sínú ohun tí mo fẹ́ rà, pẹ̀lú bẹ́líìtì fífẹ̀ tí a ń fi yí igi ká kó má baà bó léèpo, àti shackle méjì, ìyẹn irin tí a fi ń so okùn mọ́ nǹkan, tí wọ́n kọ 4.75T (tọ́ọ̀nù 4.75) sí lára. Ẹni tó ra wíǹṣì láìra àwọn wọ̀nyí kò tíì ra wíǹṣì lójú tèmi.

Lórí okùn fúnra rẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Wáyà irin kò wọ́n, kò bẹ̀rù òkúta, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọkọ̀ bá rì sí lóko: àwọn ọmọdé á pé, ọlọ́kadà á dúró, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ á yí ọkọ̀ ká. Wáyà irin tó bá já lẹ́nu iṣẹ́ á fò padà, ó lè gé ẹsẹ̀ èèyàn, ó lè pa èèyàn. Okùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi Dyneema, ìyẹn fọ́nrán oníke tó lágbára, hun fúyẹ́ púpọ̀, agbára tó ń kó sára kò tó ti irin, ewu rẹ̀ sì kéré bó bá já. Òun ni mo mú. Ó ní ọ̀tá tirẹ̀: oòrùn, iyanrìn tó wọ inú fọ́nrán rẹ̀, àti ooru, nítorí nǹkan bíi 150°C ló ti ń yọ́. Inú dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì ọ̀pọ̀ wíǹṣì wà, ó sì máa ń gbóná bí a bá ń fi mọ́tò tú okùn sílẹ̀ nígbà tí ẹrù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fífà nìkan ni mo ń fi tèmi ṣe, mo sì ń fi ọwọ́ fa okùn jáde.

Ní Ládipọ̀, Èkó, mo rí tòkunbọ̀ Warn 8274 kan tí ojú mi kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni, 8,000 pọ́ùn ni agbára rẹ̀, ọdún 1974 ló sì jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ó yára, bíréèkì rẹ̀ kò sì sí nínú dúrọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ó ga, á dí afẹ́fẹ́ rédíétọ̀, agbára rẹ̀ kò sì tó ìṣirò mi. Tuntun ni mo rà níkẹyìn. Ohun mẹ́ta ni mo tẹnu mọ́: kí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ series-wound, èyí tó ń fara da ìfà gígùn ju ti onímágínẹ́ẹ̀tì lọ, kí wọ́n kọ IP67 tàbí IP68 sí i, ìyẹn àmì pé omi kò lè tètè wọ inú rẹ̀, kí rìmóòtù rẹ̀ sì ní wáyà, nítorí bátìrì kékeré inú rìmóòtù aláìníwáyà lè kú nígbà tí a bá nílò rẹ̀.

Iná ló gba àkókò jù. Wíǹṣì tó ń fà tipátipá lè gba ju 400 ampere lọ, alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nínú ọkọ̀, kò sì lè pèsè ìdajì rẹ̀ nínú ọkọ̀ bíi tèmi. Bátìrì ló ń gbé ìyókù. Mo pààrọ̀ bátìrì sí èyí tó tóbi. Mo sì bẹ ríwáyà wa pé kó fi ẹ̀rọ tẹ ẹnu wáyà mọ́ irin orí bátìrì, kó má fi òòlù lù ú, nítorí ibi tí kò bá dì dáadáa ló máa kọ́kọ́ gbóná. Ó rọra ṣe é, ó fi rọ́bà bò ó, ó sì fi suwíìṣì sí àárín láti gé iná kúrò pátápátá.

Bọ́ńpà tí ọkọ̀ bá wá kò lè gbé e. Wẹ́dà jó irin tó nípọn pọ̀, ó fi bóòtù líle tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí dè é mọ́ ṣaṣí. Ihò mẹ́rin ìdí wíǹṣì wọ́pọ̀ ní 254 sí 114 mìlímítà, nítorí náà a ti lu ihò kí wíǹṣì tó dé. Ẹnu ibi tí okùn ń gbà jáde, alumíníọ̀mù dídán ni mo fi síbẹ̀. Róólà tí wáyà irin ti họ á gé okùn Dyneema.

Kí n tó lò ó, mo tú okùn, mo so ó mọ́ ìdí ìrókò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo sì jẹ́ kí ọkọ̀ fa ara rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ kí okùn lè ká le, ìpele kan lórí èkejì. Èyí tó bá ká dẹ̀ẹ̀ á wọ abẹ́ ara rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé.

Ọjọ́ tí ẹrẹ̀ dé fẹ́ńdà lóòótọ́, àpò kòkó ń bẹ lẹ́yìn ọkọ̀. Mo lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn, mo da aṣọ tó wúwo lé àárín okùn, mo so púlì mọ́ ọ̀pẹ, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Mo fà á díẹ̀, mo sinmi kí mọ́tò tutù, mo tún fà á. A kò sọ àpò kan kalẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo tú okùn náà tán, mo fi omi fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, mo sì sá a síbi tí oòrùn kò sí. Bátìrì kejì ló kù tí mo fẹ́ fi kún un kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.