Bí A Ṣe Ń Fi Ohùn Gààrí Yíyan Dárà Sí Orin

Orin tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe máa ń mọ́ jù. Bí ìlù bá dákẹ́ díẹ̀, òfo ni etí máa ń gbọ́. Nínú àwo àtijọ́ Haruna Ishola, àgbà olórin àpàlà Ìjẹ̀bú-Igbó, abẹ́rẹ́ ń ha àwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ohùn wọn, kò sì sí òfo kankan níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń lọ wa irú ariwo yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Ìjẹ̀bú, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Ẹ kí àwọn ìyá, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru iná," kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó gbé fóònù jáde. Nígbà tí gààrí ṣì tutù, ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń fà nínú agbada. Bó bá ti ń gbẹ, ohùn náà á máa mú sí i, títí á fi máa ró ṣàà, ṣàà. Èyí tó gbẹ yẹn gan-an ni kí ẹ gbà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀.

Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe orin, ẹ gbé e sórí track (ìlà ohùn) tirẹ̀, kí ẹ fi EQ, èyí tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí dín in kù, gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 300 Hz (Hz ni ìwọ̀n gíga ohùn) kúrò, kó má bàa bá bass, ohùn ìsàlẹ̀ orin, jà. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ẹ ò fi ní gbọ́ ọ mọ́, kí ẹ wá gbé e sókè díẹ̀ péré. Bí ẹ bá pa á tí orin sì gbẹ lójijì, ó ti tó.

Ibi tó dùn jù nìyí: ẹ fi compressor, èyí tó ń rẹ ohùn ńlá sílẹ̀, sí ariwo náà, kí kick, ìlù ńlá tó ń dún gbì, máa darí rẹ̀ láti sidechain, ọ̀nà tí ohùn mìíràn ń gbà darí compressor. Bí kick bá ti dún, ariwo á tẹrí ba, á tún dìde. Nínú orin 120 BPM (ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan), 500 milliseconds, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ló wà láàrin ìlù kan sí èkejì. Ẹ fi release, àkókò tí ariwo fi ń dìde padà, bẹ̀rẹ̀ láti 200 milliseconds.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ariwo náà kan, kí ẹ fi gate, bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń tì fún ohùn, sí i, kí snare, ìlù tó ń ró pàá, máa ṣí i. Snare á wá ní ìrù bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Bí ègbè bá kù díẹ̀ kó wọlé, ẹ fi filter, asẹ́ tó ń dí ohùn òkè, sí ariwo náà, kí ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ láti 500 Hz lọ sókè, kí ẹ gé e pátápátá bí ègbè bá ti bẹ̀rẹ̀.

Compressor tó wà lórí master, ìlà tí gbogbo orin ń gbà jáde, máa ń mú ohùn ńlá àti kékeré sún mọ́ra, èyí á sì gbé ariwo sókè, nítorí náà ẹ tún un gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ orin náà di MP3 kékeré, kí ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù. Bí ariwo náà bá ń ró bí ẹni ń fi omi yọ́ ẹnu, ẹ fi EQ dín òkè rẹ̀ kù.