Bí mo ṣe ń fa wáyà Dante ní ṣọ́ọ̀ṣì

Dante ni ètò tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ̀kì gbé ohùn láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Kí n tó ná kọ́bọ̀ kan, mo máa ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wáyà yóò gbà, láti orí pẹpẹ títí dé ìdí míkísà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mítà 100 ni òpin Cat6, ìyẹn wáyà nẹ́tíwọ̀kì, láàárín ẹ̀rọ méjì, àwọn wáyà kéékèèké tó wà ní ìdí ẹ̀rọ sì wà nínú ẹ̀. Nítorí náà, n kì í fi ju mítà 90 lọ sínú ògiri. Bí ọ̀nà bá jìn jù bẹ́ẹ̀, fáíbà, wáyà tó ń lo ìmọ́lẹ̀, ni kí ẹ rà.

Wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára, tí wọ́n wá kọ Cat6 sí. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, torí ó máa ń ṣẹ́ nínú ògiri níbi tí ojú kò tó. T568B, ìyẹn ètò àwọ̀ wáyà mẹ́jọ inú rẹ̀, ni mo fi ń dì í ní ìdí méjèèjì: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, ewé, funfun onílà búráùn, búráùn. Ẹ má tú lílọ́ rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Switch, àpótí tí gbogbo wáyà ti ń pàdé, ló kàn, gigabit tí ẹ lè wọ inú rẹ̀ tún ètò rẹ̀ ṣe. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Ìbàdàn, ohùn ń já, ìgbà tí ìjọ bá dákẹ́ fún àdúrà la sì máa ń gbọ́ ọ jù. A pààrọ̀ máìkì, a pààrọ̀ wáyà, pàbó. Switch ló ń tòògbé! Ètò tó ń ṣọ́ iná lò, EEE tàbí Green Ethernet, ló wà ní títàn. Ẹ pa á. Nínú Dante, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń mú aago, bí gúdúgúdú ṣe ń mú ìlù dúró, tí gbogbo ìyókù ń tẹ̀lé e. Bí switch bá sùn díẹ̀, aago ti yà nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí DSCP 56 (DSCP ni nọ́ńbà tó ń sọ fún switch ohun tó máa kọ́kọ́ kọjá), tó jẹ́ ti aago, fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú. 46, ti ohùn, ló tẹ̀lé e. Kí ìyókù máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má so rọ́tà ọ́fíìsì mọ́ switch yìí. Ẹni tó ń gbé ìsìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀ yín. Ẹ fa nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ fún un. Ìméèlì tó bá pẹ́, a ó ṣì kà á. Ohùn tó bá pẹ́, gbogbo ìjọ ti gbọ́ ibi tó ti já.

Bí owó bá wà, ẹ ra switch méjì, ọ̀kan fún Primary (ọ̀nà àkọ́kọ́), ọ̀kan fún Secondary (ọ̀nà kejì tó ń gbà á bí àkọ́kọ́ bá já), kí wáyà wọn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Ẹ má so àwọn méjèèjì pọ̀ láé. Kí kálukú ní UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró) tirẹ̀, torí nígbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì dé, switch tó kú á pẹ́ kó tó jí.

Ní alẹ́ Sátidé, ẹ ní kí ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù máa lù, kí ẹ yọ wáyà Primary láìsọ fún un. Bí kò bá gbójú sókè, ẹ ti ilẹ̀kùn ráàkì, kí ẹ máa lọ sùn.