Tó o bá fẹ́ pe oníná nítorí fáànù òkè
Kó o tó pe oníná, wo nǹkan tó ń ṣe fáànù yẹn dáadáa, tó bá ń kùn àmọ́ tí ò yí, kàpásítọ̀, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn sì ṣeé pààrọ̀, torí náà ẹni tó bá ní kó o ra tuntun láì tú u wò, má gbà fún un o. Ẹ sọ owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, owó ọjà lọ́tọ̀. Tó bá dé, ṣó pa iná ní méènì, ṣó fi tẹ́sítà wò ó bóyá iná ti kúrò níbẹ̀? Tí ò bá ṣe é, jọ̀ọ́ dá a dúró. Ìkọ́ tí fáànù rọ̀ sí gbọ́dọ̀ wọnú igi tàbí kọnkéré, kì í ṣe àjà lásán. Kó tàn án kó o tó sanwó, tó bá ń gbọ̀n, kó tún un ṣe.