Kí o tó ní "ẹ bá mi ṣe é": ìṣirò ohun tó ń yípo

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ SS2 kan ya fọ́tò ìbéèrè físíìsì ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é." Kò sí ìlà kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Mo ní kó mú bébà, kó ya korobá omi tí wọ́n so mọ́ okùn, tí wọ́n ń fì yípo láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú ìbéèrè náà, kó fi ọfà tọ́ka gbogbo ohun tó ń fà á tàbí tó ń tì í. Nígbà tí àwòrán dé, mo rí ohun tó ń dà á láàmú. Ọfà mẹ́ta ló yà: okùn, òòfà ilẹ̀, àti ọ̀kan tó kọ "centripetal" sí, ìyẹn ipá tó kọjú sí àárín ibi tí nǹkan ń yí po.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣìnà. Centripetal kì í ṣe ipá mìíràn tó ń ti ibì kan bọ̀. Àwọn ipá tó wà nílẹ̀ náà ni, tí o bá ṣírò iye tó kù nínú wọn tó kọjú sí àárín. Ọfà tí o bá yà, bi í pé: ta ló ń fà? Bí o kò bá rí ẹni tọ́ka sí, pa á rẹ́.

Àwòrán yìí ni kí o mú lọ bá olùkọ́ tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní yunifásítì, pẹ̀lú ìlà tí o dé tí o kò fi lè lọ mọ́. Má sọ pé "kò yé mi rárá." Sọ pé: "Mo rí T (ipá okùn), mo rí mg (òòfà ilẹ̀), ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá kí n rò wọ́n pọ̀ ni àbí kí n yọ ọ̀kan kúrò." Ẹni tó bá gbọ́ èyí ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Wo korobá náà. Ká ní òun àti omi inú rẹ̀ jẹ́ 2 kg, okùn jẹ́ 0.9 m, eré rẹ̀ sì dúró lórí 4 m/s. Ipá tó gbọ́dọ̀ kọjú sí àárín ni mv²/r (m ni 2 kg yẹn, v ni eré, r ni gígùn okùn), ó jẹ́ bí 36 N. Tó bá wà lókè pátápátá, ìsàlẹ̀ ni àárín wà, okùn àti ilẹ̀ sì jọ ń fà á síbẹ̀: T + mg = mv²/r. Tí a bá fi g, òòfà ilẹ̀ lórí 1 kg, sí 10, ilẹ̀ ti mú 20 N, ó ku bí 16 N fún okùn. Tó bá dé ìsàlẹ̀, òkè ni àárín wà, ilẹ̀ wá ń fà á sẹ́yìn: T − mg = mv²/r. Okùn á fa bí 56 N. Bu omi sí korobá pẹ́ńtì kékeré, fì í yípo ní gbangba, ọwọ́ rẹ á sọ fún ọ. Bí eré bá kéré sí 3 m/s lókè, ìyẹn √(gr), omi á dà sí ọ lórí.

Ẹni tó bá ràn ọ́ lọ́wọ́ tán, ní kó yí nǹkan kan padà nínú ìbéèrè náà, kí o tún un ṣe lójú rẹ̀. Mọ́tò tó ń yí po ní ráńdábáòtù tí radius rẹ̀ jẹ́ 20 m, tí μ (bí táyà ṣe ń di ọ̀nà mú tó) jẹ́ 0.5, kò gbọdọ̀ kọjá 10 m/s, ìyẹn 36 km/h, nítorí μmg = mv²/r. Tí òjò bá rọ̀, tí μ di 0.2 ńkọ́? Ó di bí 6.3 m/s. Kíyè sí i pé m ti jáde nínú ìṣirò náà.

Má gbàgbé láti wò ó bóyá diameter ni wọ́n fún ọ dípò radius, tàbí sẹ̀ǹtímítà dípò mítà. Máàkì tó ń bọ́ síbẹ̀ máa ń dùn mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ náà fi àwòrán míì ránṣẹ́, ọfà méjì péré. Ó wá béèrè pé: "Àǹtí, tí okùn bá já, ṣé ìta ni korobá máa fò sí?" Mo ní kó pa ọfà okùn rẹ́, kó wo ibi tí korobá náà kọjú sí lásìkò tí okùn já.