Bí a ṣe ń bálánsì kábúrétọ̀ mẹ́rin nílé pẹ̀lú họ́ọ̀sì bíríkìlà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní power bike onísilíńdà mẹ́rin, tí báìkì yín bá ń gbọ̀n jìgìjìgì tẹ́ ẹ bá dúró níbi iná tráfíìkì, tẹ́ ẹ wá rìn díẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ tún dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kábúrétọ̀ ni ò bára dọ́gba. Ọ̀kadà lásán ò ní wàhálà yìí torí ẹyọ kan ló ní, kò sí èyí tó máa bá a dọ́gba. Suzuki Bandit 600 tí mò ń gùn, mẹ́rin ló ní, silíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni irin róbótó pẹlẹbẹ kan wà tá à ń pè ní labalábá, òun ló ń ṣí tó ń tì bẹ́ ẹ bá ṣe ń fa trótù. Wáyà kan náà ló ń fa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ọ̀kan bá wá ṣí ju àwọn tó kù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n fọ́nrán irun, silíńdà yẹn á máa sáré, á máa wọ́ àwọn yòókù tẹ̀lé ara ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á máa pariwo kọ̀kọ̀kọ̀, epo á sì máa lọ lásán. Ìdí tó fi jẹ́ sílóò, ìyẹn ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láìfa trótù, ló ti máa ń hàn jù ni pé labalábá fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá nígbà yẹn, àlàfo tó kù kéré gan-an, ìyàtọ̀ kékeré wá di ńlá.

Kí n tó sọ bá a ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yí súkúrù bálánsì kiri, lónìí á dáa, lọ́la á tún bàjẹ́, àṣé rọ́bà ọrùn kábúrétọ̀ kẹta, èyí tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, ti sán lábẹ́ níbi tójú ò ti tó o, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Látìgbà yẹn ni mo ti gbà pé bálánsì ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ṣe àkọ́kọ́ ń fi kábúrétọ̀ bo àrùn míì mọ́lẹ̀ ni.

Torí náà, tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tín-ín-rín tó wà lórí fáàfù, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ́ńjìnì tutù dáadáa. Fún Bandit, fáàfù tó ń fa atẹ́gùn wọlé jẹ́ 0.10 sí 0.15 mm, èyí tó ń tú èéfín jáde jẹ́ 0.18 sí 0.23 mm, tí báìkì tiyín bá yàtọ̀ ẹ wo ìwé ẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì tó bá fún jù ò ní jẹ́ kí fáàfù tì délẹ̀, agbára tí silíńdà yẹn fi ń fa atẹ́gùn á sì dínkù, ẹ̀yin á wá máa rò pé kábúrétọ̀ ni. Ẹ wo plọ́ọ̀gì, ẹ gbọn fílítà, ẹ sì dá a padà síbi tó wà torí tí fílítà ò bá sí níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá wọ̀n ò ní jóòótọ́.

Rọ́bà ọrùn ńkọ́? Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ fi ike tí wọ́n fi ń fín omi sí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀ fín omi díẹ̀ yí rọ́bà kọ̀ọ̀kan ká. Tí ohùn ẹ́ńjìnì bá yí padà lójijì, ibẹ̀ ló ti ń jò, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn kan máa ń fín epo síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn rárá, nítòsí irin tó gbóná kẹ̀.

Nǹkan kan tún kù. Kété tẹ́ ẹ bá tan ẹ́ńjìnì tó tutù, láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ kán omi sórí páìpù sàlẹ́ńsà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí wọ́n ti jáde lára ẹ́ńjìnì. Èyí tí omi ò bá hó ṣàà lórí ẹ̀, silíńdà yẹn ò ṣiṣẹ́ nìyẹn, tí plọ́ọ̀gì ẹ̀ bá sì ń tanná, á jẹ́ pé ihò epo sílóò ti dí. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára báìkì tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, epo á ti gbẹ mọ́ inú ihò tín-ín-rín yẹn bí oje igi. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́. Kò sí bálánsì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe irinṣẹ́. Wọ́n ń ta géèjì olójú mẹ́rin tó ń wọn bí silíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa atẹ́gùn tó, ó dáa, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò kéré, àwọn ti àtijọ́ kan tún ní mákúrì nínú, májèlé sì ni mákúrì, ẹ má gbé e wọlé. Họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara táwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ dọ́gba, òun gan-an la máa lò, iṣẹ́ kan náà ló sì máa ṣe. Ẹ ra mítà mẹ́fà èyí tó tín-ín-rín tí inú ẹ̀ tó 6 mm, ẹ ká a sí méjì, kẹ́ ẹ so ó mọ́ pátákó tó ga tó mítà kan ààbọ̀ kí àárín ẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí àmì U. Ẹ bu ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì sí i kó ga tó 50 cm lápá méjèèjì. Mo fẹ́ràn òun torí ó pupa, ojú tètè ń rí i, tí ẹ́ńjìnì bá sì ṣèèṣì fa díẹ̀ mì, kò ní ju èéfín funfun lọ. Lókè pátákó, kí apá kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ wọ inú ìgò kékeré kan tí ìdérí ẹ̀ ní ihò méjì, kó tó wá jáde lọ síbi ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ sì fi gọ́ọ̀mù dí etí ihò náà kí afẹ́fẹ́ má baà gbabẹ̀. Ẹ má fo ìgò yìí o. Tí họ́ọ̀sì kan bá yọ lójijì, apá kejì á fa gbogbo ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà, inú ìgò ló máa bọ́ sí dípò inú ẹ́ńjìnì.

Ọ́ìlì á máa fò sókè sódò bí písítìnì ṣe ń fà, ojú ò ní lè kà á. Ẹ ki nǹkan tó ní ihò tín-ín-rín bọ inú họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan nítòsí ẹ́ńjìnì. Orí MIG 0.8 mm táwọn wẹ́dà ń lò ni mo fi sí tèmi, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, torí gáàsì olóró inú èéfín ẹ́ńjìnì lè pààyàn nínú gáréèjì láìrùn láìta. Ẹ gun báìkì náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbóná, ẹ wá sọ táńkì kalẹ̀ torí abẹ́ ẹ̀ làwọn súkúrù wà. Ẹ fi ìgò epo kékeré kọ́ sókè tó ga ju kábúrétọ̀ lọ, ìdajì lítà ti tó, kẹ́ ẹ rí i dájú pé kò kán sórí ẹ́ńjìnì. Họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó máa ń ṣí ẹnu epo lára táńkì, ẹ dí ojú ẹ̀ pa kó má baà máa fa atẹ́gùn. Kẹ́ ẹ sì gbé fáànù síwájú ẹ́ńjìnì o, atẹ́gùn ló ń tu Bandit lára, tó bá dúró lójú kan pẹ́ á gbóná kọjá ààlà.

Tẹ́ ẹ bá jókòó sórí báìkì, láti ọwọ́ òsì ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, 1, 2, 3, 4. Ọrùn kọ̀ọ̀kan ní súkúrù kékeré tàbí fìlà rọ́bà, ibẹ̀ lẹ máa so họ́ọ̀sì sí. Tó bá jẹ́ súkúrù, ẹ wá èyí tó ní ihò láàárín tó wọ ibẹ̀, M5 tàbí M6 ni lára ọ̀pọ̀ báìkì Japan. Ẹ so apá kan mọ́ 1, apá kejì mọ́ 2, kí 3 àti 4 wà ní dídí. Ẹ tan án, kẹ́ ẹ mú sílóò sí ìyípo 1,200 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ máa wo pátákó báyìí. Apá tí ọ́ìlì bá gùn lọ, silíńdà yẹn ló ń fà jù, labalábá ẹ̀ ló tì jù. Ẹ fi sùkúrúdíráfà gígùn yí súkúrù tó wà láàárín 1 àti 2 díẹ̀ báyìí, kó má tó ìdá mẹ́jọ ìyípo, ẹ fa trótù fẹ́ẹ́rẹ́ kó jókòó, kẹ́ ẹ tún wò. Tí ọ́ìlì bá ń sá lọ sí i, ẹ yí i sódìkejì. Ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ tẹ súkúrù mọ́lẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kà á, torí bẹ́ ẹ bá ṣe gbọ́wọ́ kúrò ló máa yí padà. Súkúrù tó ń po epo àti atẹ́gùn yàtọ̀ o, abẹ́ kábúrétọ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn wà, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa ara wọn níbi pé kó dọ́gba bí ojú omi. Kò pọn dandan. Mákúrì wúwo ju ọ́ìlì yìí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 16, torí náà ìyàtọ̀ 10 cm lórí pátákó yín ò ju bí 6 mm mákúrì lọ, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe báìkì gba 20 mm mákúrì láyè. Tí tiyín bá ti wà láàárín 5 cm, ó ti dáa ju ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ gbé họ́ọ̀sì lọ sí 3 àti 4, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ 2 àti 3, kẹ́ ẹ yí súkúrù àárín gbùngbùn, torí òun ló ń gbé méjì apá òsì pọ̀ bá méjì apá ọ̀tún. Àwọn Honda kan ò rí báyìí, kábúrétọ̀ kan ò ní súkúrù, òun làwọn mẹ́ta tó kù ń bá dọ́gba. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan ẹ dá sílóò padà sí 1,200, torí á máa gòkè. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa á kó sinmi.

Lópin ẹ̀, ẹ gbé e sí 3,000 díẹ̀ kẹ́ ẹ wo pátákó. Tó bá dọ́gba ní sílóò tó wá yà sọ́tọ̀ pátápátá lókè, ẹ fi súkúrù sílẹ̀, ẹ lọ ṣí orí kábúrétọ̀ wo rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbé písítìnì inú ẹ̀ sókè, ó ṣeé ṣe kó ti ya.

Kí táńkì tó padà sókè, ẹ fọwọ́ kan fìlà rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì dá họ́ọ̀sì tó ń ṣí ẹnu epo padà. Ìyẹn ni mo gbàgbé lọ́jọ́ kan tí báìkì fi kú mọ́ mi lábẹ́ lórí afárá torí epo ò wọlé.