Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá fẹ́ yọ aṣòfin: ẹ má ṣe báyìí

Ní Òṣogbo, bí aṣòfin kan bá ti ṣe ohun tó bí aráàlú nínú, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọláìyá: "Kí wọ́n lé e dànù jàre!" Ta ni "wọ́n"? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lágbára láti bá ọmọ ilé wí, àmọ́ àwọn tó dìbò ló ni àga. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, ì báà ṣe aṣòfin, ì báà ṣe olùdìbò, owó lọ́yà ni yóò máa san lásán.

Àṣìṣe kan ni kí a rí ti Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n ká rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn aṣòfin ọ̀hún dìbò 311 sí 114, wọ́n lé George Santos kúrò láàárín ara wọn, ó parí. Òfin tiwọn ló ní ìdá méjì nínú mẹ́ta lè lé ẹnikẹ́ni. Ẹ ka abala 109 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999, tó sọ bí àga aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe lè ṣófo, ẹ kà á látòkè délẹ̀. Ẹ ò ní rí i níbẹ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn lè dìbò lé e.

Nígbà tí ọ̀nà yẹn ti dí, àwọn ilé kan a gba ẹ̀bùrú, wọ́n á ní kí ẹni tí wọ́n ń bínú sí lọ rọ́kún nílé fún oṣù gbọọrọ. Ẹ má dán an wò. Lóòótọ́, abala 101 gba ilé láyè láti ṣe ìlànà ìjókòó rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà yẹn, wọ́n lè kìlọ̀ fún ẹni tó ń da ilé rú, wọ́n lè ní kó tọrọ àforíjì tàbí kó jáde fún ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ìjìyà bá ti gùn débi pé odindi ẹkùn ìdìbò kò lẹ́nu sọ̀rọ̀ mọ́, ilé ẹjọ́ ló kù. Ilé aṣòfin Bauchi ṣe é fún Rifkatu Danna, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá obìnrin náà láre. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Ilé Aṣòfin Àgbà ní kí Ali Ndume lọ sinmi fún ọjọ́ ìjókòó 90. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu, ó ní kí wọ́n san owó oṣù rẹ̀ fún un. (Ẹ ò rí i pé owó wa náà ni?)

Ìkánjú tún wà níbẹ̀. Wọ́n á ka ẹ̀sùn láàárọ̀, wọ́n á dájọ́ kí oòrùn tó kàn àtàrí, ẹni tọ́rọ̀ kàn kò sì tíì sọ gbólóhùn kan. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ẹ fún un lọ́jọ́ tó tó láti fèsì, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ lójú gbogbo ilé, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìjókòó.

Ní ti àwa olùdìbò, pípe aṣòfin padà wálé ni idà tó wà lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ la sì ti ń ṣe jàgbàjàgbà jù. Abala 110 ní kí iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lẹ́kùn náà lọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò nígbẹkẹ̀lé nínú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí alága àjọ INEC. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni o, kì í ṣe àwọn tó jáde dìbò. Bí 40,000 èèyàn bá forúkọ sílẹ̀, 20,001 lẹ nílò, kódà bó jẹ́ 12,000 ló dìbò lọ́jọ́ ìdìbò. Ohun tó gbé àwọn tó fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan padà ní Kogi Central ṣubú lọ́dún 2025 nìyẹn: ìbuwọ́lùwé 208,132 ni wọ́n kó wá, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sì jẹ́ 474,554. Ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá, INEC ti dá wọn dúró torí pé kò sí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tó yẹ nínú ìwé wọn.

Ẹ má sì bá àbúrò yín tó wà l'Ékòó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ ń bọ̀ tí INEC yóò ní kí àwọn tó fọwọ́ sí i yọjú fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà, orúkọ 189,870 ló wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn 18,742 péré ni wọ́n rí fìdí wọn múlẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá tiẹ̀ yege, ìdìbò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ ṣì wà níwájú láàárín 90 ọjọ́ tí INEC gba ìwé náà, ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ náà ni wọn yóò tún kà níbẹ̀. Torí náà, ẹ tọ́jú owó ọkọ̀ àti agbára fún ìpele kejì.

Yíyọ Abẹnugan kì í ṣe yíyọ aṣòfin. Lára aṣòfin 26 tó wà nílé ìgbìmọ̀ Ọ̀ṣun, 18 lè yọ Abẹnugan lórí àga yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni yóò ṣì jẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n má sì ṣe é nígbà ìsinmi láìtẹ̀lé ìlànà. Èkó ṣe é fún Mudashiru Obasa ní oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tó di oṣù Kẹta ó ti padà sórí àga.

Ẹni tó fò fẹ̀rẹ̀ lọ sínú ẹgbẹ́ mìíràn lè pàdánù àga rẹ̀, àyàfi bí ẹgbẹ́ tó kúrò níbẹ̀ bá pín sí méjì tàbí tó dàpọ̀ mọ́ òmíràn. "Ìjà wà ní wọ́ọ̀dù wa" kò tó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015 fún Ifedayo Abegunde, aṣojú Àkúrẹ́.

Ti àìwá síléèṣẹ́ ni àwọn èèyàn kì í rántí. Ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Aṣòfin tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí, àga rẹ̀ lè bọ́. Ẹ má gbé ariwo lásán lọ o, ẹ̀rí tó tẹ́ ilé lọ́rùn lòfin béèrè. Kẹ́ ẹ tó ka ọjọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹni tó ń darí ìjókòó ti kọ ìwé pé òun gba àwáwí rẹ̀, torí ọjọ́ tó bá ti wọ inú ìwé yẹn kò sí nínú ìṣirò mọ́.